Ẹnubodè Inú Ọpọlọ: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Sí Ẹni Tí Túúlu Ń Bá Jà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí oṣù kan tí ìyá mi kì í fi odidi ọjọ́ kan tàbí méjì sùn nínú òkùnkùn. Wọn yóò fa kọ́tìnnì, wọn yóò fi ìborùn di orí wọn pinpin, wọn yóò sì ní kí a pa rédíò. Àwa ọmọ yóò máa yọ́ rìn nínú ilé. Òórùn ata tí a ń dín nìkan ti tó láti mú kí wọ́n bì. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, wọn yóò jáde, ojú wọn á ti wọnú, wọn yóò sì kó iṣẹ́ ilé mọ́ra bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn ará ilé ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ. Ẹnìkan ní iṣẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Ẹlòmíràn ní àwọn ayé ló ń ta wọ́n lọ́fà lórí. Ẹni tó tún láàánú jù nínú wọn á ní, “Orí fífọ́ lásán ni. Ẹ lo párásítámọ́ọ̀lù méjì, kí ẹ dìde.”

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tó kàn mí. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, tí mo ń ka ìwé lójú kọ̀ǹpútà, ni àwọn lẹ́tà kan bá ń pòórá ní àárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ kan tó rí bí eyín ayùn yọ sí mi lójú, tó ń dán, tó ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ojú mi ń fọ́ ni. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ náà lọ, ìrora sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì lẹ́yìn ojú mi ọ̀tún. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tí ìyá mi ti ń fara dà. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nípa àìsàn yìí. Ohun tí mo rí kà ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ti pè ní ọ̀lẹ rí nítorí rẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ti pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

Túúlu yàtọ̀ sí orí fífọ́ lásán

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní orúkọ tirẹ̀. Orí fífọ́ lásán lè wá nítorí oòrùn, ebi tàbí àìsùn, kó sì lọ nígbà tí a bá sinmi. Túúlu sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan orí, ó máa ń lù kìkì bí ìlù, ó máa ń mú èébì wá, kì í sì í jẹ́ kí ara gba ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 títí dé wákàtí 72, ìyẹn odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn tí túúlu ń bá jà láyé lé ní bílíọ̀nù kan. Àwọn obìnrin tó ń ṣe tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọkùnrin, ó sì máa ń le jù ní àwọn ọdún tí ènìyàn ń kọ́ṣẹ́, tó ń wáṣẹ́, tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń rí àmì ìṣáájú bí irú ìmọ́lẹ̀ tí mo rí yẹn. Ní ti àwọn mìíràn, apá tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹnu a máa ṣe wọ́n yìnrìnyìnrìn, tàbí kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, ohun tí àwọn dókítà gbà gbọ́ jù ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú orí tó wú ló ń fa gbogbo rẹ̀. Lónìí, inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò, níbi àwọn ihò tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí láé.

Ìlú olódi

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú àtijọ́ ṣe àpèjúwe. Ìlú náà ní odi tó yí i ká, odi náà sì ní ẹnubodè. Oníbodè wà níbẹ̀ tó mọ ẹni tó yẹ kó wọlé àti ẹni tó yẹ kó jáde. Bí ẹnubodè bá ṣí lásìkò tó sì tì lásìkò, ọjà á nà, ìlú á tòrò. Bí oníbodè bá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, wàhálà dé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ṣe rí. Awọ fẹ́lẹ́ tó jẹ́ ọ̀rá ni odi rẹ̀. Lẹ́yìn odi àti nínú ọgbà, àwọn èérún iyọ̀ kan wà nínú omi ara wa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbára iná. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Sódíọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, pọ̀ ní ìta sẹ́ẹ̀lì. Pòtáṣíọ̀mù, tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà, ló pọ̀ nínú. Wọn kò lè gba inú ọ̀rá kọjá, nítorí náà ẹnubodè ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Pùrótéènì ni ẹnubodè wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ kó kọjá. Ti sódíọ̀mù wà lọ́tọ̀, ti pòtáṣíọ̀mù wà lọ́tọ̀, ti kálísíọ̀mù náà wà lọ́tọ̀.

Nígbà tí ìròyìn bá fẹ́ kọjá, ẹnubodè sódíọ̀mù á ṣí, sódíọ̀mù á ya wọlé, iná á sì ṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Kò ní pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹnubodè náà á fi tún tì, tí ti pòtáṣíọ̀mù á sì ṣí kí ara lè rọ̀. Bí iná náà bá dé ìpẹ̀kun sẹ́ẹ̀lì, ẹnubodè kálísíọ̀mù á ṣí. Kálísíọ̀mù tó wọlé yìí ló máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tú kẹ́míkà ajíṣẹ́ jáde sí aládùúgbò rẹ̀. Glutamate ni ọ̀kan nínú àwọn ajíṣẹ́ náà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti ru sẹ́ẹ̀lì mìíràn sókè. Lẹ́yìn gbogbo èyí, pọ́ǹpù kan wà lára odi tó ń tún ilé ṣe. Ó ń lé sódíọ̀mù mẹ́ta jáde fún pòtáṣíọ̀mù méjì tó bá mú wọlé, kò sì sinmi tọ̀sán-tòru.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iná yìí ṣe ń ṣẹ́, ní ọdún 1952. Okùn iṣan ńlá tó wà lára ẹran omi òkun kan tí wọ́n ń pè ní squid ni wọ́n fi ṣe ìwádìí wọn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1963. Ní ọdún 1976, Erwin Neher àti Bert Sakmann ní ilẹ̀ Jámánì rí ọ̀nà láti wọn iná tó ń gba inú ẹnubodè kan ṣoṣo kọjá. Àwọn náà gba Nobel ní ọdún 1991.

Ìgbì tó ń rìn bí ìgbín

Kí wá ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà? Ní ọdún 1941, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Karl Lashley, tí túúlu ń bá jà, ya àwòrán ibi tí ojú rẹ̀ kò ti ríran bí ó ti ń gbòòrò láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ó ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé ohun kan ní láti máa rìn lórí ẹ̀yìn ọpọlọ òun, ní ìwọ̀n mìlímítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1944, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Brazil kan, Aristides Leão, tó wà ní Yunifásítì Harvard, ń ṣe ìwádìí nípa wárápá lára ọpọlọ ehoro. Ó rí ohun tí kò wá. Bó ti fọwọ́ kan ibì kan lára ọpọlọ náà, iná ibẹ̀ kú fàì, ìdákẹ́rọ́rọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ìrìn rẹ̀, mìlímítà méjì sí márùn-ún ni ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí Lashley ti ṣírò lórí ara rẹ̀ náà ni Leão rí nínú ehoro.

Pòtáṣíọ̀mù àti glutamate ló ń gbé ìgbì náà rìn. Bí ẹnubodè tó pọ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, pòtáṣíọ̀mù á tú dà sí ìta sẹ́ẹ̀lì ju ohun tí pọ́ǹpù lè kó lọ. Èyí á ru sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò sókè, òun náà á sì tú tirẹ̀ jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó kọ́kọ́ ru á wá rẹ̀ pátápátá, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ibi tó ń ru ni ìmọ́lẹ̀ eyín ayùn, ibi tó ti dákẹ́ sì ni àwọn lẹ́tà tó pòórá.

Ìdílé tí túúlu ń rọ lápá

Ibi tí ẹ̀rí ti fìdí múlẹ̀ jù ni irú túúlu kan tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń rìn nínú ìdílé. Ẹni tó bá ní in, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan á rọ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, lẹ́yìn náà á tún padà bọ̀ sípò.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn wá inú apilẹ̀ àbùdá irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí àṣìṣe nínú èyí tí wọ́n ń pè ní CACNA1A, tó wà lórí kromosóòmù kọkàndínlógún. Iṣẹ́ CACNA1A ni láti kọ́ ẹnubodè kálísíọ̀mù. Ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí máa ń tètè ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà glutamate tó ń jáde máa ń pọ̀ jù. Ní ọdún 2003, wọ́n rí àṣìṣe kejì nínú ATP1A2, tó ń kọ́ irú pọ́ǹpù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí pọ́ǹpù bá ṣe ọ̀lẹ, pòtáṣíọ̀mù àti glutamate kò ní kúrò nílẹ̀ kíá. Ní ọdún 2005, ẹ̀kẹta dé, ìyẹn SCN1A, tó ń kọ́ ẹnubodè sódíọ̀mù.

Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjà kan náà ni wọ́n já sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń mú kí ìgbì Leão rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi àṣìṣe CACNA1A yìí sínú èkúté ní ọdún 2004, kò gba agbára púpọ̀ kí ìgbì náà tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ wọn. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ìgbì náà ń tètè mú àwọn abo èkúté ju akọ lọ, àti pé nígbà tí wọ́n yọ ilé ẹyin abo, ìyàtọ̀ náà dínkù. Ẹ̀yin obìnrin tí túúlu máa ń dé bá nígbà tí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ kò purọ́ mọ́ ara yín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan níbí. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, kì í ṣe apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo ló ń fa túúlu. Ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké tí a jogún ló para pọ̀, tí àìsùn, ebi, họ́mọ̀nù àti ìdààmú ọkàn wá ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 2010, wọ́n rí àṣìṣe nínú ẹnubodè pòtáṣíọ̀mù kan tó ń jẹ́ TRESK nínú ìdílé kan tí túúlu pọ̀ sí. Síbẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn mìíràn tí TRESK tiwọn kò ṣiṣẹ́, tí orí kò sì fọ́ wọn. Ẹnubodè kan kì í fọ́ kí gbogbo ìlú tú.

Bí ìgbì ṣe ń di ìrora

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bò ó àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lára awọ náà ló mọ̀ ọ́n, iṣan ńlá kan tó ń mú ìmọ̀lára wá láti ojú àti iwájú orí ló sì ń gbé ìròyìn wọn. Nígbà tí túúlu bá dé, iṣan yìí máa ń tú pùrótéènì kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní CGRP. CGRP ń fẹ òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú kí ìrora le sí i. Lars Edvinsson, Peter Goadsby, Michael Moskowitz àti Jes Olesen, tí wọ́n tú àṣírí yìí, ló gba ẹ̀bùn Brain Prize ní ọdún 2021.

Ní ọdún 2019, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Denmark gbé àyẹ̀wò kan jáde tí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n fi oògùn kan tó ń ṣí irú ẹnubodè pòtáṣíọ̀mù kan sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́rìndínlógún tí túúlu ń bá jà, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe é fún àwọn. Gbogbo àwọn mẹ́rìndínlógún ni túúlu dé bá. Ní ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní omi iyọ̀ lásán, ẹnìkan péré ló ṣe. Kò sí ìbínú ayé níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń sá fún. Ẹnubodè ni wọ́n ṣí.

Ohun tí ìmọ̀ yìí lè ṣe fún wa

Lákọ̀ọ́kọ́, ó kọ́ wa ní sùúrù pẹ̀lú oògùn. Àwọn oògùn tí dókítà máa ń kọ láti dènà túúlu, bíi propranolol, amitriptyline àti topiramate, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2006, ìwádìí kan lára eku fi hàn pé bí wọ́n bá lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìgbì Leão á dínkù, bí wọ́n bá sì ṣe lò ó pẹ́ tó ni ìgbì náà á ṣe dínkù tó. Ẹni tó bá jù ú nù lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún kò tíì gbìyànjú rẹ̀. Àmọ́, ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí topiramate àti valproate lè pa ọmọ inú lára.

Ìkejì ni pé kí a má fi oògùn ìrora ṣe oúnjẹ. Ẹni tó bá ń lo párásítámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, tàbí tó ń lo oògùn triptan tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ codeine ní ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn náà lè wá di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Ó sàn kí a tètè lò ó bí ìrora bá ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a lo ìwọ̀n tó yẹ, kí a sì fi í mọ́ ìwọ̀nba ọjọ́.

Ìkẹta, ọpọlọ tí ẹnubodè rẹ̀ máa ń tètè ṣí kò fẹ́ ìyípadà òjijì. Kí a máa sùn, kí a máa jí, kí a máa jẹun ní àkókò kan náà. Kí a ní ìwé kékeré tí a ń kọ ọjọ́ tí orí fọ́ sí, ohun tí a jẹ, iye wákàtí tí a sùn àti ọjọ́ nǹkan oṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà á máa bá dókítà sọ̀rọ̀ ju ẹnu wa lọ. Bákan náà, kí a má máa pe gbogbo orí fífọ́ ní ibà. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó gbé oògùn ibà mì.

Ìkẹrin kan àwọn obìnrin. Bí o bá máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tàbí òkùnkùn lójú kí orí tó fọ́, sọ fún ẹni tó ń fún ọ ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Èyí tó ní ẹ́sítírójìn nínú lè mú kí ewu àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i fún irú rẹ. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní in.

Níkẹyìn, àwọn ìgbà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dúró sílé. Bí orí bá dédé fọ́ lójijì ju ti gbogbo ìgbà lọ, bí ibà àti ọrùn gígan bá bá a rìn, bí apá tàbí ẹnu bá rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, bó bá tẹ̀lé ìjàǹbá, bí aláboyún bá ni, tàbí bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti ìyá mi, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ odi àti ẹnubodè yìí fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Ṣé kì í ṣe èmi ni mo fà á fún ara mi?” Mo ní, “Rárá o, Màmá.” Wọ́n mi orí, wọ́n sì nu ojú wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti fi gbé ìbéèrè yẹn sínú.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N óò fi kún un pé orí bíbú náà kọ́. Bí ẹnìkan nínú ilé rẹ bá ní kí o pa iná, jọ̀wọ́ pa á. Fa kọ́tìnnì fún un, bu omi tútù wá, kí o sì fi ìbéèrè dúró di ọ̀la.